Abẹ́rẹ́ Tó Fò Mọ́ Fìlà

Abẹ́rẹ́ náà fò. Ẹ má rò pé ó bọ́ o. Fífò ló fò. Àwẹ̀ró ti gbé fìlà ọkọ rẹ̀ lé itan, ó fẹ́ rán ibi tó fẹ́ ya lára rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ sí igbá pẹlẹbẹ tó ń kó abẹ́rẹ́ sí, ni ọ̀kan bá yọ láàárín àwọn yòókù, "tín!", ó lọ lẹ̀ mọ́ etí fìlà bí eégbọn tó rí ajá. Àwẹ̀ró já a kúrò. Ó tún gbé e sún mọ́ ibẹ̀. Ó tún fò.

"Hẹn-ẹ́n," ó wí, ó sì fi ìró bo fìlà náà mọ́lẹ̀ kíá, kí ojú ògiri má baà rí ohun tó ń ṣe.

Òwe àwọn àgbà ni pé ògiri létí. Ní Ẹbúté Tuntun, etí kọ́ ni ògiri ní, ojú ni. Ó wà ní igun yàrá gbogbo, dúdú kirikiri, kò tóbi ju ojú ẹja lọ, ọwọ́ èèyàn nìkan ló sì ń wò. Bí Àwẹ̀ró bá fa àtẹ́lẹwọ́ sókè, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí ó bá fi ìka méjì tẹ afẹ́fẹ́, ààrò á gbiná. Bí ó bá juwọ́ lójú fèrèsé, ọkọ̀ ojú omi tí kò ní atukọ̀ á wá gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ilé a sì jẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tí wọ́n bẹ̀rù ní ìlú náà tó ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n.

Àwẹ̀ró fi àtàǹpàkò tẹ etí fìlà náà lábẹ́ ìró. Nǹkan le gbagidi wà nínú rẹ̀, pẹlẹbẹ, kò ju èékánná ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tó rán an síbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rán: ojú rírán náà gùn, ó wọ́, ó dà bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí ẹrẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin ni. Ọwọ́ Láoyè ọkọ rẹ̀ ni.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Gọ̀bì ni Láoyè ń dé láti ìgbà ọ̀dọ́. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé abetí ajá ń sọ òun di ẹni tó ń lọ dẹ òkété. Àfi láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lábẹ́ awọ lẹ́yìn etí ní Ilé Ìfọwọ́balẹ̀, tí gbígbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ sì dúró, ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: "Àwẹ̀ró, rán abetí ajá fún mi." Etí fìlà á wà lókè láàárọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó di ẹ̀yìnkùlé, nínú ilé ìwẹ̀ àtijọ́ tí wọn kò fi ojú ògiri sí. Bó bá ń jáde bọ̀, etí fìlà ọ̀tún ti wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ á sì pọ́n.

Obìnrin ni? Ọtí ni? Àbí àwọn ará Ilé Ìfọwọ́balẹ̀ ló fi nǹkan síbẹ̀ láti máa fi ṣọ́ ilé?

Tàbí kẹ̀, èyí tí kò fẹ́ rò, tó sì ń rò ṣáá: ṣé Láoyè ṣì ni ẹni tó ń sùn ti òun?

Nítorí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní àyájọ́ Omíyalé. Gbogbo ìlú ló mọ ọjọ́ Omíyalé fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ bàbá arúgbó kan ló gbọ̀n níwájú ojú ògiri, tí ilẹ̀kùn odi omi fi rò pé wọ́n ń pe òun. Ta ló rí bàbá náà? Kò sẹ́ni tó rí i. Ṣùgbọ́n omi wọ Ìsàlẹ̀ Odò, ìyẹn, gbogbo ayé rí i, Ìbídàpọ̀ ọmọ Àwẹ̀ró sì wà ní Ìsàlẹ̀ Odò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òfin dé: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, yálà kó gba ìlẹ̀kẹ̀, tàbí kó kọjá sí Òdìkejì, ní etí ọ̀sà lọ́hùn-ún, níbi tí ògiri kò ti ní ojú, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ọwọ́ Láoyè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló fà á lọ gba ìlẹ̀kẹ̀. Bí omi bá ti gbé ọmọ rẹ lọ, wàá bẹ̀rù ìrì.

Ní àyájọ́ rẹ̀ tó kọjá yìí wá, Láoyè jókòó, ó jẹ ẹ̀bà, ó bu ọbẹ̀ kún un, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ rédíò rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró wò ó títí oúnjẹ fi korò lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Kò lè dárúkọ ọmọ náà. Ọ̀fọ̀ ni, òbí kì í dárúkọ ọ̀fọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ṣáájú rẹ̀ lọ kì í bèèrè ibi tí wọ́n sin ín sí, kì í sunkún lójú ayé. Láti ìgbà náà ni àwọn aládùúgbò kò ti pè é ní Ìyá Ìbídàpọ̀ mọ́. Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é, bí ẹni tí kò bímọ rí.

Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n lọ sí Ilé Ìfọwọ́balẹ̀. Gbọ̀ngàn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n to nǹkan sí nínú gíláàsì, ohùn kan sì ń ti inú òrùlé sọ̀rọ̀. Irin kan wà tí wọ́n fi ń dá ihò sí agbárí láyé àtijọ́. Àga kan wà tó ń mì jìgìjìgì. Ohùn náà ní wọ́n máa ń gbé aláìsàn jókòó lé e pé gbígbọ̀n ni yóò lé gbígbọ̀n jáde. Hóró yèrèpè wà, tí wọ́n ń lọ̀ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mu ní ìlú òkèèrè kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Hóró oògùn wà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà, èyí tí wọ́n ń kì bọ inú ọpọlọ, pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ tí wọ́n ń rì sábẹ́ awọ àyà.

"Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ní àṣìṣe tirẹ̀," ni ohùn náà wí. "Ìlẹ̀kẹ̀ ni òpin ọ̀nà."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín ìyàngì. Ó rántí ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà yẹn gbọ̀n títí wọ́n fi ní àjẹ́ ni, pé ọwọ́ tó ń gba ẹran lóru ni kò lè sinmi lọ́sàn-án. Wọ́n gbé e lọ fún wòlíì, wọ́n fi ìgbálẹ̀ nà án. Ìgbà tó yá, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá fún un ní hóró oògùn. Ìyá àgbà dìde, ó lọ̀ ata, ó kọrin, gbogbo ilé ń yọ̀. Kò pẹ́, oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tètè kúrò lára: bí ó bá wà níbẹ̀, èjìká rẹ̀ á máa jó ijó tí kò pè, bí ó bá kúrò, ó di igi. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, kò sí ẹni tó sọ fún un pé òun kò mọ̀. Àwọn tó ń nà án mọ̀. Àwọn tó fún un lóògùn mọ̀.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?" Àwẹ̀ró bi òrùlé lọ́jọ́ náà. "Ìgbà wo ni wọ́n máa gbé ìlẹ̀kẹ̀ tiyín sínú gíláàsì?"

Láoyè ló dá a lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ti Àwẹ̀ró. "Àwẹ̀ró, jẹ́ ká wọlé. Ó rẹ̀ mí."

Ìyẹn ti kọjá. Nísinsìnyí, Láoyè gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, orí rẹ̀ lásán, ó ń wo orí àga, ó ń wo abẹ́ àga.

"Àwẹ̀ró, ṣé o bá mi rí fìlà mi?"

"Mo rí i. Abẹ́rẹ́ mi náà rí i."

Láoyè dúró.

"Kí lẹ rán sí etí rẹ̀, olówó orí mi?"

"Nǹkan tí kò tó nǹkan."

"Nǹkan tí kò tó nǹkan kì í fa abẹ́rẹ́ jáde nínú igbá. Obìnrin wo ló fún yín?"

"Obìnrin kẹ̀!" Láoyè fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Obìnrin wo ló fẹ́ arúgbó tí wọ́n so mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́?"

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ kò ríbi sá lọ ni."

Lọ́jọ́ mìíràn, Àwẹ̀ró ì bá rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò ó ni, ó ń wá ojú ọkọ rẹ̀ nínú ojú yẹn. Nígbà tí Láoyè rí i pé kò ní gba àwàdà, ó jókòó, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Irin òòfà ni. Inú rédíò tó ti bàjẹ́ ni mo ti yọ ọ́. Bí ó bá kan ẹ̀yìn etí mi, ìlẹ̀kẹ̀ á sùn."

Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ ń pa ìlẹ̀kẹ̀? Ẹ̀yin? Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá pa á! Òdìkejì lẹ fẹ́ lọ? Ta ló ń tì yín? Kí lẹ tún fẹ́ fi gbígbọ̀n ṣe?"

Láoyè wo ilẹ̀. Ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ nínú ilé náà láti ọdún Omíyalé.

"Ìbídàpọ̀," ó wí.

Àwẹ̀ró dìde gìrì. "Ẹ má dárúkọ rẹ̀! Ọ̀fọ̀ ni!"

"Jókòó. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó pa mí. Bí ìlẹ̀kẹ̀ yìí bá wà lójúfò, mo máa ń rántí ọmọ náà. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo ń rántí rẹ̀ bí ẹni tó ń rántí pé ọ̀la ni ọjọ́ ọjà. Kò dùn mí, Àwẹ̀ró. Ọmọ mi bómi lọ, kò dùn mí. Ní àyájọ́ yẹn mo jẹun, ó dùn lẹ́nu mi, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dé ikùn. Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́ ni mo bi ara mi pé, Láoyè, irú èèyàn wo lo dà yìí? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ń lọ pa á kó lè dùn mí díẹ̀. Mo máa ń gbọ̀n, mo máa ń sunkún ọmọ mi, mo sì máa ń padà wálé."

Àwẹ̀ró ṣì dúró. "Ẹ ò sọ fún mi."

"Ta ni kí n sọ fún? Ìwọ tí o kò dárúkọ rẹ̀ rí? Mo rò pé o ti gbà á sí kádàrá, pé kò dùn ọ́ mọ́."

"Èmi?" Àwẹ̀ró fọwọ́ lu àyà. "Èmi tí mo rò pé ẹ̀yin lẹ ti gbàgbé! Wọ́n ní ká má dárúkọ rẹ̀ ni mi ò fi dárúkọ rẹ̀!"

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́: èyí tó pa àwọn méjèèjì lẹ́nu mọ́ kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ rárá. Àmọ́ ìfura kì í tán lára bíi ìdọ̀tí tí a fi omi ẹ̀ẹ̀kan ṣan. Ọ̀kan ṣì kù lọ́kàn Àwẹ̀ró, òun ló sì bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹ fi hàn mí."

"Níbí? Ojú ògiri ń wò."

"Ẹ fi aṣọ bo ọwọ́ yín. Ẹ fi hàn mí, kí n mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Láoyè gba fìlà, ó dé e, ó ká etí ọ̀tún rẹ̀ wálẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà, èjìká rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ fà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ aṣọ tí Àwẹ̀ró dà bò ó, bí ọmọ adìẹ tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Omijé jáde lójú rẹ̀ láìsí ariwo kankan. Àwẹ̀ró mọ ojú náà. Ojú ọkọ rẹ̀ ni.

Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ìta ṣí.

Kò sí ẹni tó pè é. Aṣọ ṣì bo ọwọ́ Láoyè, ọwọ́ Àwẹ̀ró wà láyà rẹ̀. Ilẹ̀kùn kàn ṣí ni, obìnrin kan sì dúró níbẹ̀, gèlè aláró ti Ilé Ìfọwọ́balẹ̀ lórí rẹ̀, àwo funfun tó kún fún omi dé etí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o. Adùnbarìn ni mí, olùyẹ̀wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn yín ń ṣí, ó ń tì, láìsí ẹni tó pè é. Ó ti ránṣẹ́ sí wa."

"Ẹ kú àbọ̀, ẹ máa wọlé," ni Àwẹ̀ró wí. Ó yí ara padà, ó fi ara bo Láoyè, ó fọwọ́ ká etí fìlà rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń tún un ṣe. Àmọ́ Láoyè fi ojú sọ fún un pé ìlẹ̀kẹ̀ kì í tètè jí. Ó máa ń jí bí ọ̀lẹ. "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín."

"Ìyá, omi ni mo gbé wá."

"Èèwọ̀! Ṣé àlejò ló ń fún onílé lómi? Ará ibo ni yín, ọmọ? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà níbẹ̀? Àwọn òbí yín ńkọ́?"

Adùnbarìn kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ojú rẹ̀ dà bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Kò tilẹ̀ ń ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ. Àwẹ̀ró sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìgbéraga ni, pé wọ́n ti fún un ní gèlè, ó ti gbàgbé ẹni tó bí i.

"Ìyá mi náà máa ń fi ìkíni bo nǹkan mọ́lẹ̀," ni Adùnbarìn wí. "Bàbá, ẹ gba àwo yìí, kí ẹ gbé e lé orí itan yín, kí omi má dà."

Láoyè kò mira. Aṣọ orí itan rẹ̀ ló ń mira.

Àwẹ̀ró ro èrò kan ṣoṣo, kò dúró ro ìkejì. Ó na ọwọ́, ó gba àwo náà, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì máa jó. Omi dà sílẹ̀ ṣàà.

"Èmi ni," ó wí. "Ẹ má wo bàbá. Èmi ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi sọ."

"Àwẹ̀ró!" Láoyè ké.

"Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin."

Adùnbarìn wò ó títí omi fi kán tán létí àwo.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Èyí tí ẹ ń gbọ̀n yìí, ti ẹni tí òtútù mú ni. Àìsàn yìí, ìgbà tí ọwọ́ bá ń sinmi lórí itan ló ń jí. Bí ọwọ́ bá na láti mú nǹkan, ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ jókòó ti aláìsàn, tí wọn kò nà án, tí wọn kò gbàdúrà lé e lórí, tí wọ́n kàn ń wò ó, ni wọ́n rí ìyẹn, láyé àtijọ́. Ọwọ́ yín wà láyà nígbà tí mo wọlé, kò gbọ̀n. Ó na tán ló wá ń jó." Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣí fìlà."

Àwẹ̀ró rí Òdìkejì. Ó rí ọkọ̀ tí kò ní atukọ̀ tó ń gbé Láoyè lọ, tí òun dúró ní bèbè, tí wọ́n sì ń sọ fún òun pé kí òun má dárúkọ ẹni yẹn náà mọ́.

Adùnbarìn kọjá lára rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sórí àpótí tí igbá abẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀, ó na ọwọ́ sí fìlà.

"Tín!"

Ohùn tí kò tó ti èèrà. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ kan ti lẹ̀ mọ́ gèlè aláró náà, lẹ́yìn etí ọ̀tún.

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó dète. Àwẹ̀ró wo abẹ́rẹ́ náà, ó wo ojú tí kò ṣẹ́jú, ó wo ọwọ́ òsì obìnrin náà tó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́: àtàǹpàkò rẹ̀ ń yí lórí ìka bí ẹni tó ń ja tẹ̀súbáà. Lẹ́yìn wọn, ilẹ̀kùn ìta tì. Ó tún ṣí. Aṣọ sì wà lórí ọwọ́ Láoyè síbẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Àwẹ̀ró wí, kò sí "ẹ" lẹ́nu rẹ̀ mọ́, "dúró. Abẹ́rẹ́ mi wà lára gèlè rẹ."

Ọwọ́ Adùnbarìn dúró lófuurufú. "Ó kọ́ mi láṣọ ni."

"Abẹ́rẹ́ mi kì í dédé kọ́ aṣọ. Irin òòfà ló ń wá."

Ilẹ̀kùn tì, ó ṣí. Àwẹ̀ró ṣí etí ìró rẹ̀, ó fi bo ọwọ́ òsì náà, ó sì dì í mú níbẹ̀ kúrò lójú ògiri. Ilẹ̀kùn sinmi. Ọwọ́ náà ń lù nínú tirẹ̀ bí ọkàn ẹyẹ.

"Ta ni ìwọ náà ń sunkún?" Àwẹ̀ró bi í, jẹ́jẹ́.

Ojú Adùnbarìn kò yí padà, ṣùgbọ́n omijé kan ṣàn wá sí àgbọ̀n rẹ̀, ó sì kán. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó nàró, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ilẹ̀kùn yín ti gbó, Ìyá. Ohun tí n óò sọ fún wọn nìyẹn."

"Mu omi kí o tó lọ." Àwẹ̀ró gbé àwo náà, ìwọ̀nba tó kù nínú rẹ̀, ó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí onílé ti ń ṣe kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí májèlé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Adùnbarìn mu ún tán. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, abẹ́rẹ́ ń dán lẹ́yìn etí rẹ̀. Kò yọ ọ́. Àwẹ̀ró kò béèrè rẹ̀ padà.

Láoyè mí kanlẹ̀. Aṣọ orí itan rẹ̀ ti dákẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ti jí. "Ṣé a lè gbọ́kàn lé ọmọ yẹn?"

"Mi ò gbọ́kàn lé e. Òun náà ò sì ní gbọ́kàn lé wa. Ó mọ tiwa, a mọ tirẹ̀." Ó na ọwọ́. "Ẹ gbé fìlà wá."

Láoyè rò pé ó fẹ́ yọ irin náà sọnù ni. Ó lọ́ra kó tó ṣí i lórí. Àwẹ̀ró tú ojú rírán ẹsẹ̀ adìẹ náà palẹ̀, ó yọ irin dúdú náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó. Ó fa àjákù òfì tó nípọn kan yọ nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi wé e, ó tún wé e, ó dá a padà sínú etí fìlà, ó sì rán an: ojú rírán kéékèèké, tó rì, tí ẹnikẹ́ni kò lè rí. Nígbà tó parí, ó gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ mira díẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò fò.

Ó fi fìlà dé ọkọ rẹ̀ lórí, etí rẹ̀ sókè.

"Lọ́la," ó wí, "kí ẹ tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ pe Ìyá Ìbídàpọ̀."